Ìgbafẹ́ àti Eré Gẹ́gẹ́ Bí Ọ̀nà sí Ìmúṣẹ Àfojúsùn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Aláró ni mí ní Òṣogbo. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ-iṣẹ́ ní adìrẹ ẹlẹ́kọ, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn oníṣòwò àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì máa ń wá bá wa jókòó ní ìrọ̀lẹ́. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń pààrà lórí ọ̀rọ̀ ìsinmi, eré àti ohun tí ẹ̀dá ń lépa. Mo kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Kí ni ẹ ń pè ní ìmúṣẹ àfojúsùn?

Àfojúsùn ni ohun tí ènìyàn ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé òun fẹ́ ṣe tàbí òun fẹ́ dà: ọmọ-iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe fírídọ̀ọ̀mù kó sì dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, ìyá tó fẹ́ kí ọmọ òun kẹ́kọ̀ọ́ jáde láìjẹ gbèsè, òṣìṣẹ́ tó fẹ́ kọ́lé kó tó fẹ̀yìn tì. Ìmúṣẹ rẹ̀ ni kí ohun náà kúrò nínú èrò, kó di ohun tí ojú rí tí ọwọ́ sì kàn.

Àwọn kan ń kọ́ni pé bí èrò ẹni bá ti lágbára tó, ohun gbogbo yóò wá fúnra rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbà, tí mo sì ti fi ojú ara mi rí, ni pé ọkàn tó balẹ̀ àti ara tó tù máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ ẹni já geere, nígbà tí ìwàǹwára máa ń dí ojú ẹni sí ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ṣé ìsinmi kì í ṣe orúkọ mìíràn fún ọ̀lẹ?

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, ìkòkò aró ni mo sì máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀. Bí a bá ri aṣọ funfun bọ inú aró elú, tí a sì fà á yọ, kì í jáde ní àwọ̀ aró. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ẹ́ pọ́n ló máa ń ní, bí ewé tó ń múra àtigbẹ. Orí okùn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i, ló ti ń yí padà lójú ẹni, tí etí aṣọ yóò kọ́kọ́ ṣú, tí àárín yóò tẹ̀ lé e, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di aró. Lẹ́yìn náà la óò tún rì í, a óò tún sá a, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó tó dú bí a ti fẹ́.

Ọmọ-iṣẹ́ tuntun a máa rò pé àsìkò tí aṣọ wà lórí okùn jẹ́ àsìkò òfò, a sì fi aṣọ sílẹ̀ nínú ìkòkò láti àárọ̀ di ọ̀sán. Àwọ̀ rẹ̀ kì í jinlẹ̀ tó ti ẹni tó ń rì í tó sì ń yọ ọ́. Ọ̀lẹ ni ẹni tí kò ri aṣọ bọ aró rárá, tó wá jókòó sídìí okùn òfìfo. Ẹni tó rì í, tó yọ ọ́, tó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣe tirẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìsinmi àti eré?

Nínú ìsinmi, ọwọ́ dúró, ọkàn sì rọlẹ̀. Nínú eré, ọwọ́ àti ọpọlọ lè máa ṣiṣẹ́ kíkankíkan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò béèrè èrè lọ́wọ́ wọn. Ènìyàn nílò méjèèjì. Ẹni tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu kò lè ṣeré, nítorí náà ìsinmi ló máa ń ṣáájú.

Kí ni másùnmáwo ń ṣe sí ara tí àfojúsùn fi ń jìnnà síni?

Bí ìdààmú bá bá ènìyàn, ara a tú àwọn èròjà bíi adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀, àyà a máa lù kìkìkì, èémí a máa yára, ara a sì gbára dì fún ìjà tàbí sísá. Ó wúlò bí ajá bá ń lé ni. Kò wúlò fún ẹni tó ti jókòó ti gbèsè ilé ìtajà rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, tí kò sùn dáadáa, tí èrò rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan.

Kì í ṣe pé gbogbo ìnira ló burú. Ní 1908, Robert Yerkes àti John Dodson fi eku ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé bí ẹ̀kọ́ tí eku ń kọ́ bá le, ìnira tó mọ níwọ̀n a máa ràn án lọ́wọ́, àpọ̀jù rẹ̀ a sì ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà bá èyí mu: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ṣé ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo bá sinmi?

Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ní 2001, Marcus Raichle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé àwọn apá kan wà nínú ọpọlọ tó jẹ́ pé ìgbà tí a kò bá gbájú mọ́ iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n máa ń ta kébékébé jù. Ṣáájú ìyẹn, ní 1926, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Graham Wallas ti pín ìrìn àjò èrò tuntun sí ọ̀nà mẹ́rin: ènìyàn a kọ́kọ́ fi gbogbo agbára múra, a wá gbé ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ojútùú a yọ sí i lójijì, a sì padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Aláró kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí èkejì fún òun. Elú tí a gún tí a sì rẹ sínú omi eérú ní iye ọjọ́ tí yóò lò ní bíbò kó tó di aró, ẹni tó bá sì ń ṣí i wò ní wákàtí wákàtí kò mú un yá.

Ṣé oorun wà lára ìsinmi tí ẹ ń wí?

Òun ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn dókítà gbà pé àgbàlagbà nílò wákàtí méje ó kéré tán lóru. Mo mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ooru àti ẹ̀fọn kì í jẹ́ kó rọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé ọwọ́ ara wa la fi ń gé oorun wa kúrú.

Otto Loewi, onímọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Graz ní ilẹ̀ Austria, sọ pé ojú oorun ni ọ̀nà tí òun yóò gbà ṣe ìdánwò kan lórí ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ti wá sí òun lọ́kàn. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ó jí, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè ka ohun tó kọ. Lálẹ́ kejì, èrò náà padà wá, ó sì dìde lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló gbé e dé ẹ̀bùn Nobel ní 1936. Ìlú Graz yìí kan náà ni wọ́n ti bí Susanne Wenger ní 1915, Àdùnní Olóòrìṣà tiwa, tó fi ọwọ́ rẹ̀ tún igbó Ọ̀ṣun ṣe kí àjọ UNESCO tó ka igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005.

Báwo ni eré ṣe lè bí ohun gidi?

Ẹ má jìnnà, ẹ wo Òṣogbo. Ní 1962, wọ́n dá Mbari Mbayo, ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ níhìn-ín, nílé Dúró Ládípọ̀, ní ibi tí àwọn òṣèré rẹ̀ ti ń jó, tí wọ́n ti ń lu ìlù, tí wọ́n sì ti ń ṣe eré orí ìtàgé. Láàárín ọdún bíi mélòó kan, Ulli Beier, òǹkọ̀wé ará Jámánì, àti ìyàwó rẹ̀ Georgina Beier lẹ́yìn náà, ṣètò ibi tí àwọn ọ̀dọ́ lè ti fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Kò sí ìdánwò, kò sí ìwé ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá kò sọ pé ayàwòrán ni àwọn fẹ́ dà. Jimoh Buraimoh ń bójú tó iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ eré náà, òun ló sì wá di ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ àwòrán tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe. Ijó ni Twins Seven-Seven bá dé. Muraina Oyelami, Rufus Ogundele, Jacob Afolabi àti Adebisi Fabunmi wà níbẹ̀ pẹ̀lú, iṣẹ́ wọn sì dé àwọn ilé àwòrán ní òkè òkun.

Ẹ kíyè sí ohun tí eré ṣe fún wọn. Ó mú ẹ̀rù àṣìṣe kúrò. Ẹni tó bá mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò nà òun bí òun bá fi pupa sí ibi tí dúdú yẹ kó wà yóò gbìyànjú ohun ogún, nínú ogún yẹn ni ẹyọ kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí yóò ti jáde. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ènìyàn kì í rántí ni pé lẹ́yìn eré ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún Richard Feynman, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà. Ó ní ìgbà kan wà tí iṣẹ́ sú òun pátápátá, tí òun sì pinnu láti máa fi físíìsì ṣeré nìkan. Ní ilé oúnjẹ Yunifásítì Cornell, ẹnì kan ju àwo sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò bí àwo náà ṣe ń yí tó sì ń mì, láìsí ìdí kankan ju pé ó dùn mọ́ ọn. Ó jẹ́rìí pé inú eré yẹn ni iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1965 ti ṣẹ̀ wá.

Ṣé kí n kàn máa fojú inú wo ohun tí mo fẹ́ nígbà tí mo bá sinmi?

Ó sinmi lórí ohun tí ẹ ń wò. Ní 1999, Lien Pham àti Shelley Taylor gbé ìwádìí kan jáde láti Yunifásítì California ní Los Angeles. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa fojú inú wo ara wọn bí wọ́n ti jókòó tí wọ́n ń kàwé, kí àwọn mìíràn máa fojú inú wo ìdùnnú máàkì gíga. Àwọn tó ń wo ìwé kíkà ni wọ́n kàwé jù, àwọn náà sì ni máàkì wọn dára jù. Gabriele Oettingen, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ará Jámánì, ti fi ọ̀pọ̀ ìwádìí hàn pé àlá dídùn nìkan a máa tu ènìyàn lára bí ẹni pé ọwọ́ ti tẹ nǹkan ọ̀hún, agbára àtiṣe é a sì dín kù. Ohun tó dámọ̀ràn ni kí a wo ohun tí a fẹ́, kí a wá wo ìdènà inú tiwa tó wà lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, bí ara yín bá ti balẹ̀, ẹ má wo ilé tí ẹ ti kọ́ parí nìkan. Ẹ wo ara yín bí ẹ ti ń ka owó àjọ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ sì wo ohun tó máa ń jẹ́ kí ẹ na owó yẹn kí Sátidé tó dé.

Báwo ni mo ṣe lè sinmi nígbà tí ara mi kò gbà?

Ọ̀nà kan wà tí Edmund Jacobson, dókítà ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, kò sì gba owó. Ẹ dùbúlẹ̀ tàbí kí ẹ jókòó níbi tí ẹ̀yìn yín ti rí ohun fi tì. Ẹ di ìkúùkù méjèèjì le dáadáa fún bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, kí ẹ tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì fara balẹ̀ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín líle àti dídẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí apá, sí èjìká, sí iwájú orí, sí àgbọ̀n, sí ikùn, sí itan, títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àgbọ̀n àti èjìká ni ọ̀pọ̀ wa ń kó ìdààmú sí láìmọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó lè dà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má jáwọ́.

Ṣé fóònù wíwò kì í ṣe ìsinmi?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ń sinmi, ṣùgbọ́n ojú àti ọkàn ń bá ogúnlọ́gọ̀ àjèjì jà. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: bí ẹ bá gbé e sílẹ̀ tí ara yín wúwo ju bó ti wà lọ, iṣẹ́ lẹ ń ṣe.

Irú eré wo ló dára jù?

Èyí tí ẹ óò gbàgbé ara yín nínú rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ayò. Ojú ọpọ́n méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó lè ta á dáadáa nígbà tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ onígbèsè. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta, nígbà tó bá fẹ́ ta: kì í yára. A kó ọmọ ayò, a jẹ́ kí wọ́n dún nínú àtẹ́lẹwọ́, a ka ọ̀nà rẹ̀ lójú láìfọwọ́ kàn án, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó yí wọn ká ń yọ wọ́n lẹ́nu, "Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè," òpè náà sì ń rẹ́rìn-ín. Níbẹ̀ ni mo ti ń rí ọ̀dọ́ tó kọ́ bí a ṣe ń pàdánù láìbínú, ẹ̀kọ́ tí ẹni tó bá ń lépa ohun ńlá kò lè ṣaláìní.

Bọ́ọ̀lù, ijó, orin ẹgbẹ́, àlọ́ pípa fún ọmọ, gbogbo wọn ló dára.

Tẹ́tẹ́ ńkọ́? Ṣé eré kọ́ ni?

Eré kọ́ ni. Ó dùn mí láti rí àwọn ọmọkùnrin tó ń fi owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án Sátidé. Ohun tó sọ eré di eré ni pé bí ẹ bá pàdánù, ẹ padà sílé ní pípé. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo ń tajà láti àárọ̀ dalẹ́. Níbo ni mo ti fẹ́ rí àkókò?

N kò ní sọ fún ìyá tó ń tajà ní ọjà Ìgbọ̀nà, tó sì ń bọ́ ọmọ mẹ́rin, pé kó lọ gbafẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìṣẹ́ kì í ṣe ohun tí ìsinmi lè wò, iṣẹ́ àti owó ló ń wò ó. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà àárọ̀ bá ti lọ, nígbà tí ọjà máa ń dá. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn jókòó láìka owó, láìbá ẹnikẹ́ni jiyàn, kí ẹ kàn mí kanlẹ̀ kí ẹ sì na ẹsẹ̀, ìyàtọ̀ yóò hàn nínú bí ẹ ṣe dá oníbàárà ọ̀sán lóhùn.

Ṣé èyí kò tako ẹ̀sìn mi?

Kò yẹ kó tako. Bíbélì sọ pé Ọlọ́run sinmi ní ọjọ́ keje, Kùránì sì sọ pé a fi oorun ṣe ìsinmi fún ẹ̀dá. Ní ti olóòrìṣà, ijó àti ìlù kò tilẹ̀ yà kúrò lára ìjọsìn: nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, tí wọ́n bá tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, fúnra rẹ̀ a máa jó yí i ká. Ẹni tó ń gbàdúrà kó máa gbàdúrà. Ìsinmi kò gba ipò àdúrà, àdúrà náà kò sì gba ipò oorun.

Bí ó bá jẹ́ pé orí ló ń yan ohun tí ènìyàn yóò dà, kí ni mo ń lépa?

Àwọn baba wa kì í dá orí nìkan dárúkọ láìmẹ́nu kan ẹsẹ̀. Orí ló yan ibi tí à ń lọ, ẹsẹ̀ ló ń gbé ni débẹ̀. Èmi wá ń fi kún un pé ẹsẹ̀ tó ti wú kò lè rìn jìnnà, bí orí tó yan ibẹ̀ bá tilẹ̀ dára.

Mo ti sinmi, mo ti ṣeré, àfojúsùn mi kò sì ṣẹ. Kí ló fà á?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè iye ìgbà tí ẹ ri aṣọ náà bọ aró. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀bi kì í ṣe ti okùn. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà ti dí láti òde, pé owó kò sí tàbí pé ẹni tó yẹ kó ṣe tirẹ̀ kò ṣe é. Irú ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi èrò yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ kò gbàgbọ́ tó.

Mo ti rí òdìkejì rẹ̀ náà. Ní ọdún kan, mo gba iṣẹ́ aṣọ ẹgbẹ́jọdá tó pọ̀ ju agbára mi lọ, nítorí mo fẹ́ fi owó rẹ̀ san owó ilẹ̀. Mo fi òru pọ̀ mọ́ ọ̀sán fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. N kò dúró kí ẹ̀kọ làfún tí a fi ń ya ọnà sí aṣọ gbẹ dénú, n kò jẹ́ kí aṣọ gba afẹ́fẹ́ tó, n kò sì tọ́ aró wò kí n tó rì í. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́, àwọ̀ ṣí, ọnà náà sì dàrú mọ́ra. Mo dá owó padà. Ìtàn ìlú wa sọ pé nígbà tí igi wó sínú odò, ohùn Ọ̀ṣun ké pé, "Oṣó igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán." Igi kankan kò wó lu tèmi. Ìwàǹwára ló fọ́ ọ, ọdún méjì sì ni mo fi tún owó ilẹ̀ náà kó jọ.

Ìgbà wo ni ìsinmi kò tó?

Bí ìbànújẹ́ tàbí àárẹ̀ bá wà lára yín lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oúnjẹ kò wù yín, tí eré tó máa ń dùn mọ́ yín kò dùn mọ́, tàbí tí èrò pé kí ẹ kú bá ń wá, ẹ lọ rí dókítà láìjáfara. Àìsàn nìyẹn, ó ní ìtọ́jú. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìtìjú.

Eré mi ti di iṣẹ́ tí mo ń jẹ. Báwo ni mo ṣe tún lè ṣeré?

Nínú gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí, èyí ló le jù fún mi, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọbìnrin, ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ni ohun ìṣeré mi. Ọjọ́ tí oníbàárà àkọ́kọ́ san owó, ojú tí mo fi ń wo aṣọ yí padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohun tí yóò tà, ọwọ́ mi sì ń le sí i lọ́dọọdún.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ní aṣọ kan tí n kì í tà, kò ju ọ̀pá kan lọ. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo máa ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ń ya ohunkóhun tó bá wá sí ọwọ́ mi sórí rẹ̀: alángbá tó ń gun ògiri, ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ mi, ìlà tí kò ní orúkọ. Àwọn ọmọ-iṣẹ́ mọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ bi mí léèrè iye tó jẹ́. Mẹ́ta nínú àwọn ọnà tí àwọn oníbàárà ń béèrè jù lọ́dún yìí, orí aṣọ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ yà wọ́n.